Ibi tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà sí lára maikirosikóòpù TEM

TEM (transmission electron microscope) ni maikirosikóòpù tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn hóró bíńtín inú átọ́ọ̀mù, wo nǹkan dípò ìmọ́lẹ̀. Max Knoll àti Ernst Ruska ló ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀ ní Berlin lọ́dún 1931, Ruska sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1986. Fíìmù ni wọ́n fi ń gba àwòrán ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé kámẹ́rà dígítà gbapò ẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì gbé kámẹ́rà yẹn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí nísàlẹ̀, ló máa sọ bí àwòrán ṣe máa tóbi tó, bí etí ẹ̀ ṣe máa rí, àti bóyá ìwọ̀n téèyàn kọ sílẹ̀ á jóòótọ́.

Bí gíga ṣe ń yí àwòrán padà

Lẹ́ǹsì tó kẹ́yìn nínú ọ̀pó maikirosikóòpù ló ń tan àwòrán sísàlẹ̀, bí ìgbà téèyàn tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri ni, bí ògiri bá ṣe jìnnà tó ni ojú iná yẹn máa fẹ̀ tó, táá sì máa ṣú sí i. Kámẹ́rà tó bá wà ní ìdajì ọ̀nà máa rí àwòrán tó fi ìdajì kéré lóròó àti níbùú, torí náà àyè tó máa rí lórí sáńpùlù á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bọ́ sójú kan náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Fókọ́ọ̀sì ò sì ní bàjẹ́, torí igun tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń pàdé ní ìsàlẹ̀ kéré gan-an, àwòrán mọ́ lókè, ó mọ́ nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́

Ihò tí wọ́n ń ki kámẹ́rà fíìmù 35 mm sí láyé àtijọ́, lókè síkírìn (àwo tó ń tàn tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá bọ́ lé e, téèyàn ń wo àwòrán lórí ẹ̀), ni kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń wà. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í wọlé, òun náà ló ń fà á jáde tí wọn ò bá lò ó, kó má bàa dí ọ̀nà kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ló rọrùn jù fún àwọn tó ń wo nǹkan ẹlẹ́mìí, tí wọ́n sábà máa ń lo 80 sí 120 kV (kílófóòtì, agbára iná tó ń lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré). Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, torí làfún ò wọ́n lẹ́nu àwọn ará Abẹ́òkúta. Fáírọ́ọ̀sì tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n kó sì ká kò, èyí tí eṣinṣin funfun ń gbé kiri, jẹ́ hóró méjì tó lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì, ó gùn tó nǹkan bíi 30 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà), ó sì fẹ̀ tó 20. Kéèyàn tó rí i, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sẹ́ẹ̀lì tó yẹ láàárín ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà núkílọ́ọ̀sì ẹ̀ (kókó inú sẹ́ẹ̀lì), kámẹ́rà tó ń rí àyè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sì máa jẹ́ kí wíwá yẹn yá, kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù má tíì jó ewé náà kó tó rí ohun tó ń wá.

Àléébù ẹ̀ wà létí àwòrán. Tẹ́ẹ bá mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan láti Ìtòkú tó ní àpótí-àpótí lára, tẹ́ẹ wá fa igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí àpótí etí ṣe máa fẹ̀ ju ti àárín lọ ni àwòrán ẹ̀gbẹ́ náà ṣe máa ń ṣe, pàápàá tí wọn ò bá sọ nǹkan di ńlá púpọ̀.

Ìsàlẹ̀

Kámẹ́rà ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ síkírìn àti àpótí fíìmù, wọ́n á gbé síkírìn kúrò kí ó tó ríran. Àyè tó ń rí kéré, ṣùgbọ́n ó ń sọ nǹkan di ńlá jù, etí àwòrán ẹ̀ sì tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìpele ìpele máíkà nínú òkúta bíi ti Olúmọ, tí ọ̀kan ò ju nǹkan bíi nánómítà 1 lọ, ibí ni tiẹ̀, ní 200 sí 300 kV. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà ń gbé kámẹ́rà tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tààrà, láì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀, sí. Àwọn kan tún ń gbé kámẹ́rà sẹ́yìn asẹ́ tó ń ṣa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní agbára-agbára.

Ìwọ̀n

Ibí gan-an lọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Nọ́ńbà ìsọdińlá tí maikirosikóòpù ń gbé jáde, ti fíìmù tàbí síkírìn ni, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Tí àwòrán ẹ̀gbẹ́ bá fi ìdajì kéré tí wọ́n sì fi nọ́ńbà yẹn wọ̀n ọ́n, fáírọ́ọ̀sì 30 nánómítà á di 15, ẹni tó bá kà á á sì rò pé oríṣi mìíràn ni. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n tiẹ̀, ní gbogbo ìpele ìsọdińlá tí wọ́n ń lò. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni àwo oníìlà 2160 nínú mìlímítà kan, tí ìlà kan sí èkejì jẹ́ 463 nánómítà. Tí ìsọdińlá bá pọ̀ sí i, kírísítà catalase (irú purotéènì kan) ni, tí ìlà kan sí èkejì lára ẹ̀ jẹ́ 8.75 àti 6.85 nánómítà, tó bá tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, graphite, ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù, tí ìpele kan sí èkejì jẹ́ 0.34 nánómítà. Tí ẹnjiníà bá yọ kámẹ́rà tó sì tún un dá padà, wọ́n ní láti wọ̀n ọ́n látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ kámẹ́rà tó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ fáìlì ẹ̀.