Òun Ló Máa Fẹ́ Ẹ: Bí Fíìmù Ìfẹ́ Ṣe Ń Darí Ojú Wa

Ní yàrá kan ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́fà lè kó ara wọn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù sáàárín, kí wọ́n máa wo fíìmù ìfẹ́. Ọkùnrin kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé nínú fíìmù náà. Kò tíì sọ nǹkan kan tí ẹnì kan fi pariwo pé, "Òun nìyẹn! Òun ló máa fẹ́ ẹ." Wọn kì í sábà ṣì í. Ọkùnrin méjì mìíràn ti wọlé ṣáájú, wọ́n tilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ gidi, kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Kì í ṣe ẹwà ojú ọkùnrin yẹn nìkan ló sọ fún wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Iná ni ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tàn sí òṣèré lára: ọ̀kan tó lágbára láti ẹ̀gbẹ́ iwájú, èkejì tó ń rọra pa òjìji tí àkọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn, tó ń fa ìlà tín-ín-rín sétí irun àti èjìká kí ẹni náà lè yọ kúrò lára ògiri. Olólùfẹ́ ni wọ́n máa ń tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí dáadáa. Ọ̀rẹ́ tó dúró tì í á gba èyí tó bá ṣẹ́kù. Àwọn onífọ́tò Lágere nílùú Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó ya fọ́tò ọjọ́ ìbí, wọ́n á ní kí oníbàárà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó kọjú sí agboòrùn funfun tí iná wà nínú rẹ̀. Ojú kan náà ni, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, abẹ́ ojú tó dúdú ti pòórá. Ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀ṣì yí ẹ̀dà ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ nílùú kan náà ní 1938 ká yóò rí ohun kan náà: bí iná bá ti ìsàlẹ̀ wá, ojú náà á le, bó bá ti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wá, ojú á tutù, á wuni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù ni ti àwọ̀ ara. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì tí Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò láti fi mọ̀ bóyá àwọ̀ jáde bó ṣe yẹ. Tí tirẹ̀ bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ ti parí. Lára aláwọ̀ dúdú, nígbà púpọ̀, ẹyinjú àti eyín nìkan ló kù. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí olólùfẹ́ inú fíìmù rẹ̀ hàn yóò wá yan òṣèré tó pupa, tàbí kó da iná bo èyí tó dú. Bí èyí ṣe ń pẹ́, òǹwòran gbà pé pupa ni ẹwà, ìpara tí wọ́n fi ń bó ara sì rí ọjà. Mákúrì tó wà nínú òmíràn nínú àwọn ìpara náà ń ba kíndìnrín jẹ́. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti sọ bí wọ́n ṣe ń tan iná sí dúdú tipẹ́tipẹ́: adúmáadán. Ó dú, ó sì ń dán. Dídán yẹn gan-an ni oníkámẹ́rà tó mọṣẹ́ ń wá: á ní kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ pa awọ náà kó jọ̀lọ̀, á jẹ́ kí iná kọ́kọ́ lu aṣọ funfun fífẹ̀ kó tó kan awọ, kí awọ lè dá ìmọ́lẹ̀ padà. Kò sóhun tó kan bíbóra níbẹ̀.

Lẹ́yìn iná, ìsúnmọ́ ló kàn. Láyé níbí, ta ni ojú rẹ̀ ń sún mọ́ tẹni tó ìbú ọwọ́ kan? Ìyá àti ọmọ ọwọ́, tọkọtaya. Kámẹ́rà gbé wa sún mọ́ àjèjì tó bẹ́ẹ̀, ó sì fi wá síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ará Rọ́ṣíà kan tó ń ṣe fíìmù, Lev Kuleshov, tún fi nǹkan kan hàn ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ó to ojú òṣèré kan tí kò fajú ro, tí kò rẹ́rìn-ín, pọ̀ mọ́ àwo ọbẹ̀, mọ́ pósí, mọ́ obìnrin. Òǹwòran rí ebi, wọ́n rí ọ̀fọ̀, wọ́n rí ìfẹ́, lójú kan náà. Àwa la ń gbé ìfẹ́ síbẹ̀.

Ní 1968, Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn pé bí ènìyàn bá ṣe ń rí nǹkan léraléra ni ó ṣe ń wù ú sí i, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ohun tí fíìmù ń lò nìyẹn: ojú kan náà, léraléra, nítòsí. Ìsúnmọ́ ló ṣiṣẹ́, ẹwà ló gbowó.

Ẹwà náà kì í ṣe òfo ṣá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1966, Elaine Walster, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà sí ijó tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló bá oníkálukú yan ẹnìkejì. Ẹwà ló pinnu ẹni tí wọ́n fẹ́ tún rí, ju làákàyè àti ìwà lọ. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi mọ ara wọn.

Ohun tí fíìmù gé dànù ni gbogbo ọjọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé alẹ́ yẹn. Ojú ló ń bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbéyàwó tiwa náà, ìfojúsóde ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti rí, alárinà á gbéra, ìwádìí á bẹ̀rẹ̀: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn, ṣé kò sí àrùn ìdílé, báwo ni ọmọ náà ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn nígbà tí àlejò ò sí nílé? Ó lè gba oṣù púpọ̀. Fíìmù ò ní àyè fún èyí, ló ṣe sọ ẹwà di ẹ̀rí ìwà. Ẹni rere á dára lójú, ọ̀tá á ní àpá. Wọ́n á fún òṣèré tó ti rẹwà tẹ́lẹ̀ ní awò ojú àti ṣùkú, wọ́n á bọ́ awò, wọ́n á de wíìgì, ọkùnrin á wá ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ìjọ́hẹn ló ń tẹ̀ lé ìwádìí, ọjọ́ tí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ yóò là á lẹ́nu pé òun gbà. Nínú fíìmù tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń wò yẹn, orin ti bá a jẹ́ hẹn láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti tẹsẹ̀ bọ ẹnu ọ̀nà.