Ìfẹ́ ọ̀dọ́langba nínú ìtàn àròsọ ìdàgbàsókè

Ìtàn àròsọ ìdàgbàsókè ni ẹ̀yà ìtàn àròsọ tó máa ń tẹ̀ lé ọmọdé tàbí ọ̀dọ́langba kan títí yóò fi di àgbà, tàbí títí yóò fi dé bèbè àgbà. Bildungsroman, orúkọ tí àwọn ará Jámánì fún un, ni àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń pè é. Ikú òbí, ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́, ìrìn àjò àti gbọ́nmi-si-omi-ò-to pẹ̀lú àwọn àgbà kì í wọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni èyí tí ìfẹ́ àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìfẹ́ náà ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń ṣe nínú ìwé ìfẹ́ lásán. Ẹni tó ń ka ìwé ìfẹ́ ń retí kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn. Nínú ìtàn ìdàgbàsókè, wọn kì í sábà fẹ́ra. Ohun tí olú ẹ̀dá-ìtàn rí mọ̀ nípa ara rẹ̀, nípa òbí rẹ̀ àti nípa ipò rẹ̀ láwùjọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ni òǹkọ̀wé ń lépa.

== Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà náà ==

Wilhelm Meisters Lehrjahre, tí Johann Wolfgang von Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, tẹ̀ jáde láàárín 1795 sí 1796, ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ gbà pé ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀yà yìí lélẹ̀. Karl Morgenstern, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Dorpat tí à ń pè ní Tartu lónìí, ló sọ orúkọ Bildungsroman síta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Wilhelm Dilthey, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, ló sọ orúkọ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ìwé Goethe, Wilhelm, ọmọ oníṣòwò, kó sínú ìfẹ́ òṣèré orí ìtàgé kan tó ń jẹ́ Mariane. Nígbà tó yá, ó gbà pé ọmọbìnrin náà ti da òun, ó sì fi í sílẹ̀ láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìwé náà gùn, ó sì ṣeé ṣe kí òǹkàwé ti gbàgbé Mariane pátápátá kí Wilhelm tó gbọ́ pé ó ti kú, àti pé Felix, ọmọ kékeré tó ti ń rí lọ́tùn-ún lósì, òun gan-an ni Mariane bí i fún. Ohun tó sá fún nígbà ọ̀dọ́ ló padà wá sọ ọ́ di bàbá.

Láyé Goethe, àwọn ènìyàn ò tíì sábà máa ń wo ọjọ́ orí ọdún 13 sí 19 bí ìpele ìgbésí ayé tó dá dúró. Ìwé ńlá tí G. Stanley Hall, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1904 wà lára ohun tó jẹ́ kí èrò náà fìdí múlẹ̀. Lámèyítọ́ ará Ítálì, Franco Moretti, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1987 pé ayé tuntun tí nǹkan ò ti dúró lójú kan mọ́ ní Yúróòpù ló mú kí àwọn òǹkọ̀wé gbé ọ̀dọ́ síwájú. Nígbà tí ọmọ kò bá ní ṣe iṣẹ́ tí baba rẹ̀ ṣe, tí kò sì ní gbé ibi tí baba rẹ̀ gbé, dídàgbà fúnra rẹ̀ á di ohun tó ní ìtàn nínú.

== Ìfẹ́ àti ìtìjú ==

Great Expectations, tí Charles Dickens tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1860 sí 1861, fi hàn bí ìfẹ́ ṣe lè la ojú ọmọdé sí ipò tí wọ́n bí i sí. Pip, ọmọ òrukàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Joe alágbẹ̀dẹ, ń tọ́, ni wọ́n pè lọ sí ilé Miss Havisham, obìnrin olówó kan, pé kó wá ṣeré. Níbẹ̀ ló ti bá Estella, ọmọbìnrin tó ń gbé nílé náà, ta káàdì. Kí wọ́n tó ta eré àkọ́kọ́ tán, Estella ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí orúkọ tó ń pe ọ̀kan nínú káàdì náà, ó ní ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le, ẹ wo bàtà ràgàjì tó wọ̀.

Kó tó di ọjọ́ náà, ọwọ́ Pip ò ṣe é ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń tijú ọwọ́ rẹ̀, ó ń tijú bàtà rẹ̀, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tijú Joe fúnra rẹ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Gbogbo ìlàkàkà rẹ̀ láti di ọ̀tọ̀kùlú ní London, ibi eré káàdì yẹn ló ti gbérí. Dickens kò fi ìfẹ́ Pip ṣe ẹlẹ́yà, kò sì gbé e gẹ̀gẹ̀. Ó jẹ́ kó hàn pé ọmọdé lè fẹ́ràn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni Dickens gbà parí ìwé náà. Nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, Pip àti Estella pàdé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì pínyà títí láé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òǹkọ̀wé, Edward Bulwer-Lytton, rọ̀ ọ́ pé kó yí i padà, ìparí tó wá jáde sì jẹ́ kí òǹkàwé lè máa retí pé wọn ò ní pínyà mọ́. Àwọn lámèyítọ́ ò tíì fẹnu kò lórí èyí tó sàn jù. Àwọn tó fara mọ́ ti àkọ́kọ́ ní ó bá ìtàn tó ṣáájú rẹ̀ mu, nítorí Pip ti kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́ láì fẹ́ Estella.

== Ìfẹ́ àti òbí ==

Ìwé kúkúrú tí Ivan Turgenev, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, pe àkọlé rẹ̀ ní Ìfẹ́ Àkọ́kọ́ jáde ní 1860. Lójú ọ̀pọ̀ òǹkàwé, kò sí ìwé tó kéré tó o tó sọ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1833 ni ìtàn náà wáyé, nínú ilé ìsinmi kan létí Moscow. Vladimir jẹ́ ọmọ ọdún 16. Zinaida tó kó wá sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn jẹ́ ẹni ọdún 21, àwọn ọkùnrin tó ń yí i ká kò sì níye. Vladimir rí i pé Zinaida ti ní ẹni tó fẹ́ràn, ó sì ń wá ẹni náà. Ní òru ọjọ́ kan, ó mú ọ̀bẹ, ó lọ lúgọ sínú ọgbà. Ẹni tó wá ń kọjá lọ nínú òkùnkùn ni baba rẹ̀. Ọ̀bẹ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Vladimir tún yọjú wo baba rẹ̀ àti Zinaida níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Baba rẹ̀ gbé pàṣán tó fi ń gun ẹṣin, ó nà án ní apá. Zinaida wo ojú ibẹ̀, ó gbé apá náà sókè, ó sì fi ẹnu ko ojú egbò. Ọmọ náà ò lóye ohun tó rí, àmọ́ ó mọ̀ pé ìfẹ́ tòun, pẹ̀lú gbogbo ẹkún àti àìsùn rẹ̀, kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Kò bínú sí baba rẹ̀. Ńṣe ni baba náà tún ga sí i lójú rẹ̀, èyí sì wà lára ohun tó ya àwọn òǹkàwé lẹ́nu jù.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí Turgenev lò di ohun tí ẹ̀yà yìí mọ́ lára. Vladimir tó ń sọ ìtàn ti tó ẹni ogójì ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kà á fún láti inú ìwé tó kọ ọ́ sí. Asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe báyìí máa ń ní ohùn méjì: ohùn ọmọ tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí, àti ohùn àgbà tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Bí ohùn àgbà bá pọ̀ jù, ìwé náà á di ìwàásù. Bí ti ọmọ nìkan bá wà, òǹkàwé lè máà rí ohun tí ọmọ náà kò rí.

== Ìfẹ́ tí a kò sọ jáde ==

Ní ọ̀rúndún 20, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe àmì ìfẹ́. Holden Caulfield, ọmọ ọdún 16 nínú The Catcher in the Rye tí J. D. Salinger kọ ní 1951, kò sọ níbì kankan pé òun ní ìfẹ́ Jane Gallagher. Ohun tó ń rántí ni bí Jane ṣe ń ta dráfù: bí ọmọ ayò rẹ̀ bá ti di ọba, ìlà ẹ̀yìn ló máa ń to gbogbo wọn sí, kì í gbé wọn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní òun fẹ́ bá Jane jáde, Holden ní kó bi í bóyá ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ ẹni yẹn létí, wọ́n sì jà nígbà tó padà dé. Holden rò ó títí pé kí òun fóònù Jane, àmọ́ kò fojú kàn án títí ìwé náà fi parí.

Ẹni tó ń tage kì í bìkítà nípa ọba ayò dráfù. Ibẹ̀ ni Salinger ti fi ìyàtọ̀ àwọn ọmọkùnrin méjèèjì hàn, láì ṣàlàyé kankan.

== Ọmọbìnrin nínú ìtàn ìdàgbàsókè ==

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà tí ọmọkùnrin fi ń dàgbà nínú ìwé ni kó kúrò nílé, ti ọmọbìnrin sì ni kó relé ọkọ. Àwọn lámèyítọ́ obìnrin ti fi hàn pé èyí mú kí ìtàn àwọn ọmọbìnrin máa dópin síbi tí ti àwọn ọmọkùnrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé obìnrin láti Áfíríkà àti erékùṣù Karibíà wà lára àwọn tó yí i padà. Nínú Annie John (1985) ti Jamaica Kincaid, ìfẹ́ tó gba ọkàn ọmọ náà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìyá rẹ̀, kì í ṣe ti ọmọkùnrin. Nínú Nervous Conditions (1988) ti Tsitsi Dangarembga, ọmọkùnrin tó bá Nyasha, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ìwé náà, sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ijó ilé ẹ̀kọ́ kò jámọ́ nǹkan kan nínú ìtàn. Lílù tí baba Nyasha lù ú nítorí pé ó pẹ́ wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà ni kókó. Òǹkàwé kò rí ìfẹ́, ẹ̀rù tí ìfẹ́ ń ba àwọn àgbà ló rí.

Purple Hibiscus, tí Chimamanda Ngozi Adichie tẹ̀ jáde ní 2003, yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Kambili, ọmọ ọdún 15 ní Enugu, bẹ̀rù baba rẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó lọ gbé lọ́dọ̀ arábìnrin baba rẹ̀ ní Nsukka, ó pàdé Father Amadi, ọ̀dọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà. Ohun tí àlùfáà náà ń ṣe fún un kò jọ nǹkan ìfẹ́ lójú ẹni tó bá ń wò wọ́n lókèèrè: ó gbé e lọ sí pápá ìṣeré, ó ní kó sáré, ó béèrè ọ̀rọ̀, ó sì dúró gbọ́ èsì. Níbẹ̀ ni Kambili ti rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín ara rẹ̀ sì ṣàjèjì sí i létí. Ó tún mú un lọ dirun lọ́jà. Onídìrí tó ń jẹ́ Mama Joe sọ fún Kambili láì fọ̀rọ̀ bò pé ọkùnrin kì í mú ọ̀dọ́mọbìnrin wá dirun bí kò bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò sí bí ìfẹ́ náà ṣe lè yọrí sí ìgbéyàwó, Adichie kò sì díbọ́n pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán Father Amadi lọ sí Jámánì. Ní ìparí ìwé náà, tó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kambili ṣì ń kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ káàkiri, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Awuyewuye kan wà lórí ọjọ́ orí àti ipò àlùfáà náà, nítorí àgbàlagbà tí wọ́n fọkàn tán ni. Àwọn mìíràn dáhùn pé ìwé náà mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkùnrin kan tó ní àṣẹ tí kò fi jẹni níyà dojú kọ baba tó ń fi í jẹni níyà.

== Ìwé tí a kọ fún àwọn ọ̀dọ́langba ==

Gbogbo ìwé tí a ti mẹ́nu bà lókè yìí, àwọn àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ wọ́n fún. Láti nǹkan bí 1960 lọ, àwọn ilé ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé fún àwọn ọ̀dọ́langba fúnra wọn. S. E. Hinton tó kọ The Outsiders (1967) ò tíì pé ogún ọdún nígbà tó jáde. Ohùn àgbà tó ń bojú wẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì mọ ibi tó máa já sí. Èyí mú kí ìfẹ́ inú wọn gbóná sí i, ó sì tún mú kí ìparí wọn ṣòro kọ, nítorí ọmọ ọdún 17 kò tíì lè sọ ohun tí ìfẹ́ àkọ́kọ́ sọ òun dà.

Judy Blume wá ọ̀nà tirẹ̀ gbé e gbà nínú Forever (1975). Katherine àti Michael bá ara wọn lò pọ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé títí láé ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ya wọ́n. Katherine ò lóyún, kò kú, ojú ò sì tì í. Ìwé tí ọmọbìnrin ti ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìfẹ́ rẹ̀ ló wọ́pọ̀ títí di ìgbà náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àìsí ìyà nínú ìwé yìí di ọ̀rọ̀ ńlá.

== Awuyewuye ==

Forever wà lára àwọn ìwé tí àwọn òbí àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ní Amẹ́ríkà béèrè jù pé kí wọ́n kó kúrò ní ilé ìkàwé. Annie on My Mind, tí Nancy Garden tẹ̀ jáde ní 1982 lórí ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, rí ju ìyẹn lọ. Àwọn kan dáná sun ún ní gbangba ní Kansas City ní 1993, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìlú Olathe, ní ìpínlẹ̀ Kansas, sì kó o kúrò nínú ilé ìkàwé àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 1995, adájọ́ dá a pé ìgbésẹ̀ náà tako òfin orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ní láti dá ìwé náà padà sí àyè rẹ̀.