Ọpẹ́ Ló Kọ́kọ́ Dé Kí Ọjà Tó Dé: Ìtàn Thanksgiving ní Amẹ́ríkà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo wọ ilé ìtajà ńlá kan níbí ní Houston láti ra ọṣẹ ìfọṣọ. Igi Kérésìmesì ti wà nílẹ̀, iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, orin Kérésìmesì sì ń dún lókè orí wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to elégédé Halloween sí. Mo wá ohun tó jẹ mọ́ Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, títí, àfi agolo èso cranberry mélòó kan ní igun. Ó dùn mí. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ dúpẹ́, ó parí.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ayé òde òní ló bà á jẹ́. Ó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ọjà ti ń du ọjọ́ yìí mọ́ ọpẹ́ lọ́wọ́.

Plymouth ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí à ń pè ní Massachusetts lónìí. Òpin ọdún 1620 ni ọkọ̀ ojú omi Mayflower gbé èrò 102 dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìgbà òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, bí ìdajì wọn ti kú. Ọmọ onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tisquantum ló kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo, tí wọ́n á ri ẹja mọ́ ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Ìtàn ọkùnrin yìí ń ṣe mí láàánú. Ní 1614, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan jí i gbé, ó lọ tà á ní Spéènì. Nígbà tó rìn ín títí tó fi padà délé ní 1619, àjàkálẹ̀ àrùn ti run gbogbo abúlé rẹ̀, Patuxet. Orí ilẹ̀ abúlé yẹn gan-an ni àwọn àlejò wọ̀nyí tẹ̀ dó sí. Àwa tí wọ́n jí ènìyàn wa tà sókè òkun mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára.

Nígbà tí wọ́n kórè ní 1621, Massasoit, olórí àwọn Wampanoag tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kó nǹkan bí 90 ọkùnrin wá bá wọn. Wọ́n pa àgbọ̀nrín márùn-ún wá, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ àsè. Edward Winslow wà níbẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n pa ló mẹ́nu bà, kò dárúkọ tòlótòló. Kò sì pe àsè yẹn ní ọjọ́ ìdúpẹ́, nítorí ọjọ́ ìdúpẹ́ lójú àwọn ènìyàn yẹn jẹ́ ọjọ́ àdúrà, irú èyí tí wọ́n ṣe ní 1623 nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. Ọ̀rẹ́ àárín wọn kò tọ́jọ́: ní 1675, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àlejò àti ọmọ Massasoit. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń pé jọ sí Plymouth láti 1970 ní ọjọ́ Thanksgiving gan-an, tí wọ́n ń pè é ní ọjọ́ ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ tọkàntọkàn níbí kò gbọdọ̀ di etí sí ìyẹn.

Ààrẹ Washington kéde ọjọ́ ìdúpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1789. Ààrẹ Jefferson ní tirẹ̀ kọ̀, kò kéde kankan. Lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe é bó ṣe wù ú.

Obìnrin kan ló so ó pọ̀. Sarah Josepha Hale ni orúkọ rẹ̀, opó ni. Ní 1822 ni ọkọ rẹ̀ kú, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, aṣọ dúdú ló sì wọ̀ títí òun náà fi kú ní 1879. Kálàmù ló fi tọ́ àwọn ọmọ náà. Ó di olóòtú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin tó ń jẹ́ Godey's Lady's Book ní Philadelphia, àti láti 1846 ló ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ọjọ́ kan náà dúpẹ́. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn gómìnà, ó kọ sí ààrẹ kan dé òmíràn. Ọdún 17 ló fi wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1863, ó kọ sí Ààrẹ Lincoln. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, Lincoln ti kéde Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá.

Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìkéde yẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ṣubú ní Gettysburg. Nínú ìkéde ọpẹ́ náà, Lincoln ní kí wọ́n rántí opó, ọmọ òrukàn àti gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú àdúrà wọn. Ẹ ò rí i pé àwọn tó mọ ẹkún ló fi ọjọ́ ọpẹ́ yìí lélẹ̀.

Nígbà tó di 1924, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà Macy's wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n yí ìgboro New York ká pẹ̀lú ẹranko tí wọ́n yá ní ọgbà ẹranko Central Park, Bàbá Kérésìmesì sì ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Ọjọ́ Thanksgiving ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n Kérésìmesì ni wọ́n fi sọ orúkọ ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ náà.

Síbẹ̀, láyé ìgbà yẹn, ojú ń ti ọlọ́jà láti polówó Kérésìmesì kí Thanksgiving tó kọjá. Ohun tó dá wàhálà 1939 sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ márùn-ún ló wà nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn sì bọ́ sí ọjọ́ 30. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Fred Lazarus àti àwọn ọlọ́jà ńlá ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ Ààrẹ Roosevelt pé kó fa ọjọ́ náà síwájú kí ọjọ́ ìtajà lè pọ̀ sí i. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1933, kò gbà. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbà, ó sún un sí ọjọ́ 23.

Ariwo ta. Àwọn tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fi ìdíje bọ́ọ̀lù sí Ọjọ́bọ̀ ìkẹyìn. Wọ́n fa Franklin, orúkọ tí Roosevelt ń jẹ́, mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní Franksgiving. Nínú ìpínlẹ̀ 48 tó wà nígbà náà, 23 tẹ̀ lé ààrẹ, 22 dúró sí ọjọ́ 30, mẹ́ta sì ṣe méjèèjì. Texas tí mò ń gbé yìí wà lára àwọn mẹ́ta náà. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kejì lè máà rí i bá jẹun lọ́dún yẹn.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní 1941, Roosevelt fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọjà kò tìtorí rẹ̀ tà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aṣòfin wá fi Ọjọ́bọ̀ kẹrin sínú òfin, ó sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1941. Kò tíì pé ogún ọjọ́ tí àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà. Ọ̀fọ̀ tún wà nílẹ̀.

Black Friday, Ọjọ́ Ẹtì ìtajà ńlá tó tẹ̀ lé Thanksgiving, ní tirẹ̀, àwọn ọlọ́pàá Philadelphia ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1950 sí 1960, nítorí èrò àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó ń dá wọn lágara ní Ọjọ́ Ẹtì yẹn. Nígbà tó yá, ọjà tún ti Ọjọ́ Ẹtì wọ inú Ọjọ́bọ̀. Ní 2013, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan tó ṣí ní aago mẹ́jọ alẹ́ Thanksgiving. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní ká ti dé. Ìyàwó mi di jọ̀lọ́ọ̀fù àti tòlótòló fún mi sínú kúlà. Nínú yàrá ìsinmi, ìyá àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yọ búrẹ́dì rẹ̀ nínú bébà, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ kó tó jẹ ẹ́. Èrò ti ń gbá ilẹ̀kùn níta.

Ní Massachusetts, Rhode Island àti Maine, òfin kò gbà kí ilé ìtajà ńlá ṣí lọ́jọ́ yẹn rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà kòrónà ní 2020 ló mú kí Walmart àti Target tìlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, wọn kò sì padà sí ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ẹtì ṣì jẹ́ ti ọjà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yé mi jù. Yorùbá kì í dúpẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìnáwó ń mọ́ ni ènìyàn ń lọ kí olóde, nítorí ọpẹ́ òòjọ́ kò tíì tó.

Ní Thanksgiving tó kọjá, ìdílé mẹ́ta ló jẹun nílé wa. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Màmá kan tó ń gbé ní òpópó kejì ni, gèlè lórí, abọ́ tí a fi bu oúnjẹ fún un lọ sílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì kó ọsàn mẹ́rin sínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, bó ti dàgbà tó.

“Ẹ kú ìnáwó àná o,” ló wí.