Ẹ̀rọ Tí Kì Í Rán Ìgbì Jáde, Báwo Ló Ṣe Ń Mọ Bí Ojú Òkun Ṣe Rí?

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni sátẹ́láìtì lè wà lókè ní nǹkan bí 700 kìlómítà, kó má rán ohunkóhun sísàlẹ̀, síbẹ̀ kó mọ bí ojú òkun ṣe gbóná tó lóru?

Lóòótọ́ ni. Kò sí ohun tó wà láyé yìí tí kì í tú ìgbì jáde látinú ooru ara rẹ̀, títí kan yìnyín. Òkun ń tú tirẹ̀ tọ̀sán-tòru, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbì microwave, irú ìgbì tó gùn ju infrared (ìgbì ooru tí ojú kì í rí) lọ. Rédà ló máa ń ju ìgbì sísàlẹ̀, tí á wá dúró de èyí tó bá padà. Radiometer, ìyẹn ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì tí à ń sọ yìí, gbígbà nìkan niṣẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé infrared kò lè ṣe é ni?

Ó ń ṣe é, ó sì ń rí ohun kéékèèké ju microwave lọ. Ìkùukùu ló ń dí i lójú. Ìgbì microwave ti 6.9 GHz (ìyẹn èyí tó ń mì ní bílíọ̀nù 6.9 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹ̀kán omi tín-ín-tín inú ìkùukùu kò tó o dá dúró. Òjò ńlá nìkan ló ń dà á láàmú. Iṣẹ́ yìí ni radiometer AMSR-E, tí àwọn ará Jàpáánì ṣe, ń ṣe láti 2002 títí di 2011, kí arọ́pò rẹ̀, AMSR2, tó gorí òfuurufú ní 2012.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n agbára ìgbì nìkan ni áńtẹ́nà ń wọ̀n. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ti ooru, ti afẹ́fẹ́ àti ti iyọ̀?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo ìgbì tí ooru òkun ì bá tú jáde, nǹkan bí ìdajì ló ń jáde. Bí a bá ka ohun tí áńtẹ́nà gbà bí ẹni pé ooru omi gan-an ni, a ó ní òkun ilẹ̀ olóoru tutù ju Àǹtákítíkà lọ! Ohun tó ń gbé ìdajì yìí sókè sódò ni wọ́n ń wá: ooru omi, iyọ̀ inú rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tó ń da ojú rẹ̀ rú títí tó fi ń hó funfun.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà hàn. Ní 1.4 GHz, iyọ̀ ń hàn, ní 6.9 àti 10.7, ooru ló ń jẹ gàba. Nítòsí 23, ọ̀rinrin inú sánmà ló ń dá sí i. Ìgbì kan tún ń mì lóòró, òmíràn ń mì ní ìbú. Tí a bá ń wo omi tó parọ́rọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ti òòró lágbára ju ti ìbú lọ jìnnà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń le sí i, àlàfo àárín wọn á máa dín kù. Wọ́n á wá kó gbogbo ìwọ̀n ibì kan náà jọ, kí wọ́n ṣírò ooru àti afẹ́fẹ́ tó lè bí gbogbo wọn pọ̀. Ní tèmi, ìṣirò yìí ya ni lẹ́nu ju ẹ̀rọ náà lọ. Radiometer WindSat, tó gbéra ní 2003, tiẹ̀ ka ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí nígbà tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Èwo ló ṣòro jù nínú wọn?

Iyọ̀ ni. Sátẹ́láìtì SMOS ti ilẹ̀ Yúróòpù (2009), Aquarius (2011 sí 2015) àti SMAP ti NASA (2015) ló ń wá a. Tí iyọ̀ bá fi gíráàmù kan lé nínú kílò omi kan, ohun tí ẹ̀rọ ń kà kì í yí ju nǹkan bí ìdajì dígírì lọ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú omi tútù, kò tó bẹ́ẹ̀. Ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀. Òfin àgbáyé ya 1400 sí 1427 MHz (ìyẹn 1.4 GHz tí iyọ̀ ti ń hàn) sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rán ìgbì níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ rédà àti ẹ̀rọ rédíò orí ilẹ̀ ló ń da SMOS láàmú. Ohun ìtìjú ni.

Ìbéèrè: Yìnyín orí òkun ńkọ́?

Ìyẹn rọrùn, torí ó ń tú ìgbì jáde ju omi lọ dáadáa. Sátẹ́láìtì Nimbus 5, tó lọ sókè ní 1972, fi hàn pé omi ṣí sílẹ̀ gbàgede láàárín yìnyín Òkun Weddell, létí Àǹtákítíkà, ní ìgbà òtútù 1974, 1975 àti 1976.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi wo omi etíkun?

Má fọkàn tẹ̀ ẹ́. Áńtẹ́nà AMSR2 fẹ̀ tó mítà 2, síbẹ̀ ní 6.9 GHz, ibi tó ń wò lẹ́ẹ̀kan tó kìlómítà 35 lọ́nà 62. Ilẹ̀ náà ń tú ìgbì púpọ̀ bíi yìnyín, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti tó láti ba ìwọ̀n jẹ́. Infrared ni kí o lò níbẹ̀, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́.