Òpó gbígbẹ́ àwọn Tlingit kì í ṣe òrìṣà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Gbogbo ìgbà tí fọ́tò àwọn òpó gíga tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti ẹranko sí lára ní Alaska bá ti jáde, ẹ̀ẹ́ rí i táwọn èèyàn á máa kọ "ẹ wo òrìṣà wọn" sábẹ́ ẹ̀. Àwọn míṣọ́nárì ayé ìgbà yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gé e lulẹ̀. Àwọn Tlingit, ẹ̀yà onílẹ̀ kan tó ń gbẹ́ irú òpó yìí ní Alaska, kì í bọ ọ́, wọn kì í wólẹ̀ fún un, ìyẹn ò tiẹ̀ le. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń sọ ọ́ kì í béèrè pé ta ló ni òpó náà.

Apá méjì ni gbogbo Tlingit pín sí, apá Ẹyẹ Ìwò àti apá Idì tí àwọn kan ń pè ní Ìkookò, ìdílé ìyá lọmọ sì ń jẹ́. Àwòrán tó wà lára òpó, ohun ìní ìdílé ni, bí oríkì orílẹ̀ ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ará ìta ò kàn lè mú un lò. Ìdílé tó fẹ́ gbé òpó nàró kì í sábà gbẹ́ ẹ fúnra wọn, apá kejì ni wọ́n ń gbéṣẹ́ fún, wọ́n á wá se àsè ńlá tí wọ́n ń pè ní ku.éex', níbẹ̀ ni wọ́n á ti san owó iṣẹ́ àti ẹ̀bùn fún wọn lójú gbogbo èèyàn, àwọn tó jẹ tó mu tó gbẹ̀bùn yẹn náà ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ wá wo òpó kan tó wà ní Saxman, abúlé Tlingit kan ní Alaska. William Seward tó ṣètò bí Amẹ́ríkà ṣe ra Alaska lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní 1867, ó dé Alaska ní 1869, olóyè Tlingit kan ṣe é lálejò, ó fún un lẹ́bùn, ọ̀gbẹ́ni yìí lọ, kò dá nǹkan kan padà. Ni wọ́n bá gbẹ́ ẹ sórí òpó, wọ́n kun imú àti etí ẹ̀ ní pupa kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ahun ni. Òpó yẹn gbó, wọ́n gbẹ́ òmíì, nígbà tó di 2017 wọ́n tún gbẹ́ tuntun, gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ṣé ẹnì kan wà tó ń bọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ni?

Mi ò sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nínú ẹ̀ rárá o. Àwọn òpó kan wà tó jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó eérú òkú sí, ọ̀wọ̀ baba ńlá sì wà ńbẹ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ Tlingit ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí àwọn Rọ́ṣíà mú wá, wọn ò sì torí ẹ̀ kọ ohun ìní ìdílé wọn sílẹ̀, torí náà ó jọ pé ìwé ìtàn àti ìwé ilẹ̀ ló sún mọ́ ohun tí òpó náà jẹ́ jù.

Ẹ ṣọ́ra náà fún àwọn tó bá ń pe irú òpó yìí ní "ère tí wọ́n ti pa tì". Ní 1899, àwọn oníṣòwò láti Seattle, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Tongass ní Alaska nígbà táwọn ará ibẹ̀ lọ pẹja, wọ́n ní abúlé ti dahoro, wọ́n gé òpó ìdílé kan, wọ́n lọ rì í mọ́ àárín ìlú tiwọn. Ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ Edward Harriman, olówó rélùwéè ará Amẹ́ríkà, kó òpó ní Cape Fox, abúlé Tlingit míì, àwọn tó ni ín ò sì rí i gbà padà títí di 2001.