Ìgbanisíṣẹ́ alábòójútó òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà

Alábòójútó òṣìṣẹ́, tí àwọn àgbà ilé iṣẹ́ mọ̀ sí personnel manager, tí ọ̀pọ̀ sì ń pè ní HR lóde òní, ni ọ̀gá tí ilé iṣẹ́ yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n wọlé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì tàbí tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbanisíṣẹ́ ọ̀gá yìí yàtọ̀ sí ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ẹni tó yẹ kó ṣètò ìgbanisíṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń wá, nítorí náà ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ṣètò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin iṣẹ́ tí yóò máa lò fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo òun alára.

Ìtàn ní ṣókí

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní 1896, ilé iṣẹ́ Rowntree tó ń ṣe ṣokoléètì ní ìlú York gba Mary Wood láti máa rí sí àlàáfíà àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1913, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé ní York kan náà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tó padà di CIPD, ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó jọ pé agbára tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ló mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wá ẹni tí yóò máa dúró láàárín àwọn aláṣẹ àti òṣìṣẹ́, pàápàá lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti 1945, èyí tó gbà ju ogójì ọjọ́ lọ. Ní 1968 ni àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Òfin nọ́ńbà 58 ti 1992 ló fún ẹgbẹ́ náà láṣẹ gẹ́gẹ́ bí Chartered Institute of Personnel Management of Nigeria, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CIPM.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà á fún

Yàtọ̀ sí gbígba òṣìṣẹ́, títọ́jú fáìlì wọn, fífún wọn ní ìsinmi ọdọọdún àti gbígbọ́ ẹ̀sùn, apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ alábòójútó òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà jẹ́ ti owó tí òfin ní kí ilé iṣẹ́ yọ sọ́tọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kan ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbanisíṣẹ́ yóò san ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ yóò san mẹ́jọ, owó náà sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje sí ọjọ́ tó san owó oṣù. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó ọdún kan rẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ń lọ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́, nítorí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́, ìdá kan mìíràn sì ń lọ sọ́dọ̀ ITF, àjọ ìjọba mìíràn, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí òṣìṣẹ́ bá ti tó márùn-ún tàbí tí owó tó ń wọlé lọ́dún bá ti tó àádọ́ta mílíọ̀nù náírà. Owó orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò wọ̀nyí lè kó ilé iṣẹ́ sí gbèsè ìtanràn kí ọdún kan tó yí po.

Ẹni tí wọ́n ń wá

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì tàbí HND, ìrírí ọdún mélòó kan àti ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda NYSC ló sábà máa ń wà nínú ìpolówó iṣẹ́. Ti NYSC kì í ṣe àṣà lásán, nítorí òfin rẹ̀ ló ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kàwé gboyè. Òfin CIPM náà ní kí ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ ṣe forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, akọ̀wé tàbí oníṣirò owó ló máa ń fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ títí òṣìṣẹ́ yóò fi pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá mójú tó lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á

Olùdarí àgbà ló máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ìgbìmọ̀ olùdarí á sì fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn máa ń gbé e fún àwọn tó ń báni wá òṣìṣẹ́. Abala 23 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà kí wọ́n tó máa wá òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ilé iṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ìwádìí tí Frank Schmidt àti John Hunter gbé jáde ní 1998, tó kó iṣẹ́ ìwádìí ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún jọ, fi hàn pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ìlànà, níbi tí wọ́n ti ń bi gbogbo olùdíje ní ìbéèrè kan náà tí wọ́n sì ń fún ìdáhùn ní máàkì, ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èyí tí kò ní ìlànà lọ. Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní 2022. Wọ́n dín agbára ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìdánwò kù, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ìlànà ló wá wà lókè pátápátá. Fún ipò yìí, ìbéèrè tó ń mú ọ̀ràn gidi wá ló wúlò jù. Bí àpẹẹrẹ, kí ni olùdíje yóò ṣe sí òṣìṣẹ́ tí kò wá síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n wá gbọ́ pé ó wà nílé ìwòsàn? Kí ni yóò sọ fún alága tó fi ìwé pélébé ránṣẹ́ pé kí wọ́n gba ọmọ ẹ̀gbọ́n òun? Bí olùdíje bá dáhùn ìbéèrè kejì yìí láìmikàn, ó yẹ kí wọ́n fetí sí bó ṣe dáhùn ju ohun tó sọ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ẹ̀rí, ìwé láti ibi iṣẹ́ àtijọ́ àti oníduúró, tó sábà máa ń jẹ́ méjì. Òfin kan ti 2014 kà á léèwọ̀ láti fi àyẹ̀wò kòkòrò HIV ṣe dandan kí ènìyàn tó ríṣẹ́, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì de ọwọ́ ilé iṣẹ́ lórí bó ṣe lè lo ìwé àwọn tí kò rí iṣẹ́ náà gbà.

Ipò rẹ̀ lábẹ́ òfin

Òfin iṣẹ́, ìyẹn Labour Act ti 1974, ni alábòójútó òṣìṣẹ́ máa ń ṣí jù lẹ́nu iṣẹ́. Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Abala 11 sọ iye àkókò ìkìlọ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì: ọjọ́ kan bí iṣẹ́ kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí kan àìpé ọdún márùn-ún, àti oṣù kan láti ọdún márùn-ún lọ sókè. Ṣùgbọ́n abala 91, níbi tí òfin náà ti sọ ẹni tó kà sí òṣìṣẹ́, yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso, iṣẹ́ aláṣẹ, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú sílẹ̀. Láàárín àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ yìí ni alábòójútó òṣìṣẹ́ wà.

Nítorí náà ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni òfin rẹ̀. Bí ìwé náà bá ní oṣù mẹ́ta ìkìlọ̀, oṣù mẹ́ta ni. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ ni yóò pinnu ohun tó bójú mu, ní wíwo ipò rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń san owó rẹ̀. Ìlànà àtijọ́ tí Nàìjíríà jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé agbanisíṣẹ́ aládàáni lè fòpin sí iṣẹ́ láìsọ ìdí, bó bá ti fúnni ní ìkìlọ̀ tàbí owó tó dípò rẹ̀, àti pé bó bá ṣe é lọ́nà tí kò tọ́, owó àkókò ìkìlọ̀ náà nìkan ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2011, gbé gbogbo ẹjọ́ irú èyí fún National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ó sì fún un láṣẹ láti wo ìṣe tó dára jù lágbàáyé. Láti ìgbà náà, àwọn adájọ́ kan nílé ẹjọ́ yìí ti ń béèrè ìdí tó múná dóko lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, wọ́n sì ń tọ́ka sí àdéhùn 158 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò tíì dájú pé gbogbo ìdájọ́ fara mọ́ èyí, ẹni tó bá sì ń kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Gbólóhùn kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ti àkókò ìdánwò, tó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí àkókò náà bá kọjá, tí wọn kò fi ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ránṣẹ́, tí ọ̀gá náà sì ń gba owó oṣù lọ, ilé ẹjọ́ ti sọ nínú àwọn ẹjọ́ kan pé agbanisíṣẹ́ ti fi ìṣe rẹ̀ fẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí alábòójútó òṣìṣẹ́ náà, torí pé òun ló máa ń rán àwọn ọ̀gá létí ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ojú sì lè ti í láti béèrè tirẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tún ní kí ẹni tí wọ́n kà sí apá kan àwọn aláṣẹ má ṣe wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bí wíwọlé rẹ̀ yóò bá pín ọkàn rẹ̀ sí méjì. Alábòójútó òṣìṣẹ́, tó ń jókòó níwájú ẹgbẹ́ náà nídìí tábìlì ìdúnàádúrà, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù.

Ilé iṣẹ́ ìjọba

Níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọba ló ń gbanisíṣẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan. Nínú ẹjọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan pe Yunifásítì Èkó, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ ní 1985 pé ẹni tí òfin fúnra rẹ̀ dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé lé kúrò àfi ní ìlànà tí òfin náà là sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní Benin

Òfin iṣẹ́ 98-004 ti 1998 àti òfin 2017-05 ti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló ń darí ìgbanisíṣẹ́ ní Benin, títí kan Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Òfin 1998 kò yọ ọ̀gá sílẹ̀ nítorí ipò rẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ gba owó lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn ló kà sí òṣìṣẹ́, àfi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní òfin tiwọn. Lójú òfin yẹn, ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń yí ẹ̀rọ wà lábẹ́ ìwé òfin kan náà.