Pépà Mi Lórí Ọlọ́wẹ̀: Ṣé Jọ́nà Mùsíọ́ọ̀mù Yóò Gbà Á?

Àbúrò kan tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí ọnà igi Èkìtì ló kó àwọn ìbéèrè yìí wá bá mi. Jọ́nà (ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kọ ìwádìí wọn sí) tó ní lọ́kàn ni Metropolitan Museum Journal, tí mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan ní New York ti ń gbé jáde láti 1968. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó, ni mo ṣe kọ ìdáhùn mi síta.

Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ni pépà mi dá lé. Ọ̀gá mi ní ó dáa. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Dúró ná. Pépà náà lè dáa lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn kò sí ní New York. London ló wà. Ní 1924 ni wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ló bá wọ British Museum lójú. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. (Èmi ò rò pé Ògògà jèrè lọ́jà yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Jọ́nà yìí kì í gba iṣẹ́ lórí ọnà lásán. Ohun tó wà nínú àkójọ mùsíọ́ọ̀mù náà ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì kọ́ nìyẹn. Àbá la kọ́kọ́ máa ń ní: ipò olorì láàfin, ìtumọ̀ ẹṣin nínú ère. Lẹ́yìn náà la óò wá ère tí yóò gbè wá lẹ́sẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ère ló ń ṣíwájú, àbá ló ń tẹ̀ lé e.

Ṣé kí n kó iṣẹ́ ọdún méjì dànù ni?

Kí ló dé? Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wà ní Metropolitan, ẹni orí ẹṣin àti obìnrin ló wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1996.558. Gbé òpó yẹn síwájú, kí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wá jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀ ohun tí o ti kọ yóò ṣì wúlò, ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò yí padà.

Kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ?

Ọdún tí wọ́n kọ nǹkan náà sínú ìwé wọn ló máa ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n má gbára lé e tán. Ìbòjú Ìyọba (ìyá ọba) Bìní tó gbajúmọ̀ nì, 1978.412.323 ni nọ́ńbà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkọlé rẹ̀ ní 1972 ni Nelson Rockefeller fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ka gbogbo ìtàn tó wà lábẹ́ rẹ̀: ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ta ló gbà kọjá. Rí i dájú pẹ̀lú pé ohun náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ní 2021, wọ́n dá àwo idẹ Bìní méjì padà fún Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbára lé ìwé àtijọ́ yóò máa pe ohun tó ti bọ̀ nílé ní tiwọn.

Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Àpilẹ̀kọ gígùn kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 8,000 sí 10,000 lọ, ìtọ́ka ẹ̀yìn iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àwòrán 10 sí 12. Irú kejì kúrú, ọ̀rọ̀ 4,000 pẹ̀lú àwòrán 4 sí 6. Kúkurú yìí ni mo rò pé ó bá ọ mu, bí o bá ní ẹyọ ohun kan péré tí ẹnì kan kò tíì rí lára òpó náà. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń gba iṣẹ́ mọ lọ́dọọdún. Ní ti àwòrán, láti 2017 ni mùsíọ́ọ̀mù náà ti fi àwòrán àwọn ohun tí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò dè mọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n ní orúkọ mi kò gbọdọ̀ hàn. Ṣé kí n pa á rẹ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ ni?

Ìyẹn nìkan kò tó. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ mọ̀ wọ́n. Tí o bá kọ “bí mo ṣe sọ nínú pépà mi àkọ́kọ́”, o ti tú ara rẹ fó. Kọ ọ́ bí ẹni ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíì. Yọ ọpẹ́ tí o dá ọ̀gá rẹ àti kábíyèsí tó gbà ọ́ láàfin, wàá dá a padà bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà náà máa ń fi orúkọ ẹni pamọ́ sínú fáìlì, nítorí náà wò ó dáadáa.

Ṣé oríkì lè jẹ́ ẹ̀rí lójú wọn?

Ó lè jẹ́ ẹ. Láti 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n oríkì tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ kì ní 1988 ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń kọ nípa rẹ̀. Tìrẹ ni kí o sọ ẹni tó kì í, ibi tó ti kì í, ọjọ́ tó kì í àti ẹni tó gbà á sílẹ̀. Kọ Yorùbá rẹ̀ ná, kí o tó túmọ̀ rẹ̀, má sì fi àmì ohùn sílẹ̀ fún olóòtú, torí kò lè bá ọ fi í sí i. Bí “oko” bá wà níbẹ̀ láìsí àmì, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ obìnrin ni, ọkọ́ àgbẹ̀ ni, tàbí ọ̀kọ̀ jagunjagun?